Ológbò Hàjíyà Yóò Bá Mi Wálé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Báyọ̀. Mo fi ìkíni ilé wa kí yín, òkun o. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Ungwan Dosa, ní Kàdúná yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ mọ́. Mo kí Báyọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí Bàbá olórí ẹbí wa. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà tí mo wá sí Ìsánlú kẹ́yìn, tí n kò tíì mọ orúkọ wọn. Ara mi le. Oúnjẹ ń wọlé. Ẹ má ṣe àníyàn.

Ẹ ó rí i pé inú ìwé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti kà á. Kì í ṣe èèṣì. Níwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ mi, níwájú gbogbo ènìyàn náà ni n ó ti fèsì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní òun yóò bá mi tún un kọ kí ó lè dùn. Mo ní kí ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ìwé kẹrin ni mo kà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kẹrin ayé ìgbà yẹn ni. Àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni mo gbà á láyè pé kí ó bá mi fi sí i.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti kun yàrá ìyá wa, pé kí n kó ẹrù mi wálé kí àwa méjèèjì jọ máa gbé, nítorí láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú lẹ́bàá kànga, ẹ kò fẹ́ dá gbé mọ́. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé ẹranko tí Ìyá Túndé, ọmọ ẹgbẹ́ wa níbí, rí lọ́dọ̀ mi kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá wa. Ẹ ní kí n yan ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní yan ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín bó ṣe jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a bó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Ológbò ni. Kì í ṣe ọmọ kìnnìún, kì í ṣe ọ̀bọ, kì í sì í ṣe ènìyàn tó para dà.

Hàjíyà ló ni ín. Ẹ mọ Hàjíyà. Òun ni obìnrin Haúsá tí mo dirun fún fún ọdún mẹ́tàlélógún, tó fún mi ní iwájú géètì rẹ̀ kí n máa fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún tí ìlú dàrú, òun ló ti èmi àti Fúnmi ọmọ mi mọ́ inú ilé ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gé àlùbọ́sà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin náà fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí i nígbà yẹn, ẹ ní kí n bá yín kí i dáadáa.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Hàjíyà sì ní ológbò kan tí ọmọ náà ti rà fún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ológbò Páṣíà. Ológbò náà ní ìwé ìran. Orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, títí kan bàbá bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún Hàjíyà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé wa ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní imú ológbò náà kúrú jù, èémí lè há mọ́ ọn nínú bàálù, kò lè bá a lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń dù ú. Kò fún wọn. Ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi nínú agbọ̀n, ìlarun rẹ̀ wà lórí agbọ̀n náà. Mai kitso ni wọ́n ń pè mí níbí, ìyẹn onídìrí. Hàjíyà ní, Mai kitso, irun ni gbogbo ara rẹ̀, ta ni kí n tún gbé e fún bí kì í bá ṣe ìwọ. Ó ní àmánà ni o. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ohun tí àmánà jẹ́: ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ènìyàn, tí Ọlọ́run sì ń wò ó. Mo ní mo gbà á.

N kò ní purọ́, orí mi wú. Mo rò pé kò sí irun kan láyé yìí tó lè ṣẹ́gun ọwọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ mọ̀.

Sínárì ni orúkọ rẹ̀. Wúrà ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà tí wọ́n da mílíìkì sí. Irun ọrùn rẹ̀ gùn ju ìka mi lọ. Ojú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ojú ẹni tó sáré kọlu ilẹ̀kùn, imú rẹ̀ sì wọnú, nítorí náà omi kì í yé dà lójú rẹ̀. Bí n kò bá fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún láàárọ̀, á gbẹ síbẹ̀, á pọ́n bí ẹni tí osùn kán sí lójú. Ó máa ń hanrun. Kò lè pa eku. Eku kan kọjá níwájú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó wò ó, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyàwó olówó tí wọ́n ní kí ó wá gúnyán. Adìyẹ bíbọ̀ àti ẹja ló ń jẹ, kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sì gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà rárá, májèlé ló jẹ́ fún un. Inú ike kan tí mo da ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà sí ló ti ń ṣe gáà, á sì fi ẹsẹ̀ bò ó. Tí ooru bá dé, tí kò síná, tí fáànù kò yí, ó máa ń na ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nídìí àmù. Èmi náà á na ara mi sí òdìkejì àmù. Báyẹn la ṣe ń la ooru kọjá.

Ọyẹ́ ló kó mi sí wàhálà. Ẹ kò mọ ọyẹ́ Kàdúná. Eruku rẹ̀ pupa, abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé, ètè á là, gìgísẹ̀ á là. Irun Sínárì gbẹ. Ó ń ta pàrà-pàrà tí mo bá fọwọ́ kàn án, ó sì ń ta kókó lábẹ́ apá, lẹ́yìn etí àti níkùn. Hàjíyà ti sọ fún mi kí ó tó lọ pé ojoojúmọ́ ni kí n máa fi ìlarun yà á, láti ìdí irun, kì í ṣe lókè irun. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Mo ní ta ni yóò kọ́ mi ní irun. Kí lẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Ẹ ní irun tó bá gbẹ, àdín. Irun tó bá ń ta kókó, ẹ fi òwú kó o kí ó lè nà. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi bí ọmọ. Mo da àdín dúdú sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa á láti ọrùn dé ìrù. Mo pín irun ẹ̀yìn rẹ̀ sí ilé mẹ́fà, mo fi òwú dúdú kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jà. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo pe obìnrin tó ń din kòsé, àkàrà àwọn Haúsá, ní òdìkejì wa pé kí ó wá wò ó, ó ní ìyàwó tuntun pàápàá kò gbọdọ̀ dúró tì í. Mo jókòó, mo ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ológbò kì í fi omi wẹ̀, ahọ́n ló fi ń wẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tó ń lá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kí n rò ó.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti lá gbogbo àdín tó wà níbi tí ahọ́n rẹ̀ dé. Ó ń ṣu gbuuru, ó ń bì. Níbi tí ahọ́n kò dé, eruku ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ àdín, irun náà sì di ẹní. Ní ọjọ́ kẹta kò jẹun mọ́. Mo tú òwú kúrò lára rẹ̀. Òwú mẹ́fà ni mo fi kó o, márùn-ún ni mo rí. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọn ẹní, mo tú agbọ̀n. Kò sí níbì kankan. Ó ti gbé e mì.

Fúnmi ń gbé ní Kamazou báyìí, òdìkejì odò. Mo pè é, ó wá gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọbìnrin kan tí kò tó Fúnmi lọ́jọ́ orí ni dókítà náà. Ó bi mí pé kí ni mo fi pa á lára. Mo ní mo ti ń dirun kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé n kò mọ irun dì, pé ohun tí èèyàn bá fi sára ológbò, ẹnu rẹ̀ ló fi sí yẹn. Lẹ́yìn náà ló fi Haúsá kún un, jẹ́jẹ́, pé kan mutum daban, kan mage daban. Orí ènìyàn lọ́tọ̀, orí ológbò lọ́tọ̀. Fúnmi ń wo ilẹ̀ kí n má bàa rí ẹ̀rín lójú rẹ̀.

Dókítà ní bí òwú bá há sínú ìfun, ó lè gé ìfun bí okùn ṣe ń gé ọṣẹ. Ó ní bí ó bá yọ orí nídìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á. Wọ́n fi omi abẹ́rẹ́ sí i lára, wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, mo sì ti padà dé kí wọ́n tó ṣí i. Ohun tí n ó sọ fún Hàjíyà ni mò ń rò. Obìnrin yìí tọ́jú mi fún ọjọ́ mẹ́ta, irun orí mi kan kò já. Èmi wá gba àmánà tirẹ̀, mo fẹ́ fi òróró àti agídí pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, òwú náà jáde fúnra rẹ̀. Dókítà fi hàn mí nínú abọ́. Mo mọ̀ ọ́n, ìso mi ṣì wà nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irun náà kò ṣe é tú mọ́. Wọ́n fá gbogbo ara rẹ̀, wọ́n fi irun orí àti ti ọrùn sílẹ̀, àti díẹ̀ ní ṣóńṣó ìrù. Ó wá dà bí ọmọ ìkókó tí wọ́n gbé orí kìnnìún lé lọ́rùn. Òtútù ń mú un, nítorí náà mo gé búláòsì mi àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, mo rán an fún un.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Túndé wá láti Barakallahu láti sọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ fún mi. Ó kan ilẹ̀kùn, n kò gbọ́, ó sì wọlé. Èmi ló bá tí mo jókòó sílẹ̀, tí mo wé ìborùn funfun. Níwájú mi ni ohun kan tó ní orí kìnnìún jókòó sí, tó wọ búláòsì, tí mo sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń sọ fún un ni pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó dárí jì mí. Ìyá Túndé kò kí mi. Bàtà rẹ̀ ni mo gbọ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí dé títì. N kò bínú sí i fún ìyẹn, bó bá jẹ́ èmi, n bá sá. Ohun tó dùn mí ni pé ó dìde ní ìpàdé, ó ní Ìyá Fúnmi ti ń bọ nǹkan nílé, pé mo ń fá a lórí mo sì ń ta á lóróró, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó wá bi mí léèrè. Ìròyìn náà ti dé etí yín ní Ìsánlú kí Sínárì tó hu irun ìka kan.

Hàjíyà máa ń pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀ lórí fóònù Fúnmi, èyí tí èèyàn ti ń rí ojú ara wọn. Jímọ̀ méjì ni mo purọ́ fún un pé ológbò ń sùn. Ní Jímọ̀ kẹta mo gbé e síwájú fóònù bó ṣe wà, tòun ti búláòsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí àdín dé orí òwú. Hàjíyà bú sẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní òun náà fi làálì kun ẹsẹ̀ Sínárì nígbà Iléyá kan, kí ó lè bá òun ṣọdún. Ó lá a, ó sì bì í sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú àwọn àlejò. Ó ní òun ò lè sọ fún mi nígbà yẹn nítorí ojú ń ti òun. Ó ní kí n ṣáà máa ya irun rẹ̀ bí òun ṣe wí.

Irun náà ti padà báyìí. Ó pẹ́ kí ó tó hù, ṣùgbọ́n ó hù. Láràárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, mo ti yà á, ìlarun irin, láti ìdí, díẹ̀díẹ̀. Kò sí àdín, kò sí òwú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ fún yín rí. Ìka mi ti le. Ó tó ọdún mẹ́rin tí n kò ti lè di ṣùkú kan parí, mo kàn ń ta òwú àti ìlarun ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ń ṣe bí ẹni pé ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yíya irun ológbò yìí ní ojoojúmọ́ ti ń tú ìka mi sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo di irun ọmọ Fúnmi kékeré, mo sì parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Ọmọ náà sùn lórí itan mi bí a ṣe máa ń sùn lórí itan yín.

Ilé mi dákẹ́, n kò ní pa á mọ́. Bí mo bá pe àwọn ọmọ Fúnmi pé ẹ wá, Haúsá ni wọ́n á fi dá mi lóhùn pé ina zuwa, àwọn ń bọ̀, wọn ò sì ní wá. Sínárì kò gbọ́ Haúsá mọ́, àfi Yorùbá. Mo ní wá, ó wá. Mo ní kúrò lórí ìkòkò, á wò mí díẹ̀, lẹ́yìn náà á kúrò.

Ẹ lè ní ológbò kì í wọ ilé bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún tí eku ń jẹ ẹ̀gúsí ìyá wa nínú àká, ọ̀dọ̀ Bàbá Kátíkíìsì ni wọ́n ti yá ológbò wá, ó sì lo oṣù méjì gbáko lábẹ́ òrùlé wa. Dúdú ni, kò sì ní ìwé ìran kankan. Ta ló ń fi orí ẹja pamọ́ fún un lábẹ́ apẹ̀rẹ̀? Mo kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n n kò fọ́jú.

Mo ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ. Inú agbọ̀n ni Sínárì yóò wà lórí itan mi. Kò ní wọ yàrá yín. N ó gbé ike rẹ̀ sẹ́yìn ilé, èmi fúnra mi ni n ó máa dà á nù. Bí ẹ bá sì ní kí n fi í sílẹ̀ níbí, a jẹ́ pé èmi náà ń dúró tì í níbí nìyẹn. Ìyẹn yóò dùn mí, nítorí mo fẹ́ wálé, ẹ kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn Hàjíyà lọ́jọ́ náà, kò bi mí pé irú èèyàn wo ni mí, kò sì ní kí n yan láàárín ara mi àti ọmọ tí mo fà lọ́wọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní ẹ wọlé. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyọ̀ sọ fún Fúnmi pé ẹ ti gé irun yín mọ́lẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa dì í fún yín. Bí ẹ bá gbà kí àwa méjèèjì wá, ẹ má fi fóònù sọ ọ́, ẹ má sì rán Ìyá Túndé. Ẹ ṣáà má gé irun náà mọ́. Bí Báyọ̀ bá sọ fún Fúnmi pé irun ìyá òun ti ń hù, n ó mọ̀, n ó sì di ẹrù wa.

Ẹ kí gbogbo ilé fún mi, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ kí àwọn tó ṣì rántí mi, kí ẹ sì kí àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀rín. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ lẹ́bàá kànga mọ́. Orí yín kò ní pàdánù ọwọ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí títí a ó fi jókòó ní ẹ̀yìnkùlé ìyá wa, tí orí yín yóò wà lórí itan mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ pọ̀n dàgbà, àbúrò yín,
Ìyá Fúnmi onídìrí.